Ọjọ́ Orí Àgbò Bùsàrí

Lẹ́nu ọ̀nà yídì, ẹ̀rọ ni Àfáà Múbáṣírù fi ń wo ọjọ́ orí àgbò Iléyá nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí kò bá tó oṣù mẹ́fà kò ṣeé pa. Bùsàrí di okùn mú ṣinṣin. Láti ogójì ọdún, kò sí Iléyá tí kò pa ẹran. Àgbò kan ṣoṣo tó ní nìyí, ẹ̀dà tí wọ́n fi ẹran ara àgbò rẹ̀ àtijọ́ ṣe.

Ẹ̀rọ náà ké.

“Ọdún méje! Bàbá, arúgbó lẹ fà wá yìí! Ẹ wọlé.”

Bùsàrí kò kúrò lójú kan. “Ọjọ́ orí àgbò àtijọ́ tó ti kú ló kà. Oṣù márùn-ún ni eléyìí.”

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Àfáà. “Ta ló bi yín? Ẹ̀rọ ti fọwọ́ sí i.”

“Èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ̀.”

Ó fa okùn, ó yí padà sílé.