Pàkúté Tó Wà ní Ìlà Kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ládélé dúró níwájú èrò ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ó ń yan nídìí kọ̀ǹpútà kan.

Ó ní òun lòun kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tó ń gbé lẹ́tà sójú kọ̀ǹpútà yìí.

Irọ́ ni!

Èmi ni mo kọ ọ́. Ọdún méjì gbáko, láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ó jí i, ó pa orúkọ mi rẹ́.

Àmọ́ mo ti rí i tó ń yọ́ wo iṣẹ́ mi, mo sì ti dẹ pàkúté sínú ẹ̀.

Ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ń kún ojú kọ̀ǹpútà náà. Tí ìkan bá lé, pàkúté á ré.

Ta ló sì ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan nílùú wa láìdárúkọ gbogbo àgbà?

Ó ń tẹ orúkọ wọn sínú kọ̀ǹpútà, orúkọ kan, ìlà kan. Kábíyèsí. Àlùfáà. Àwọn ìjòyè.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pé.

"Ó ku màmá mi," ó ní. "Wọn ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, àmọ́ orúkọ wọn gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́."

Ló bá tẹ orúkọ mi.

Gbogbo orúkọ pòórá. Ìlà kan ló kù lójú ẹ̀rọ:

"Ládélé, olè ni ẹ́. Ìyá ẹ ló kọ ọ́."

Mo dìde. Èmi ni àdúrà ìparí kàn.