Ìpara Tó Ń Rùn Bíi Bẹntiróòlù

Ẹ̀yin ará, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ bá mi kà á parí, torí ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

1.
Ọlọ́rundáre, apoògùn, ọmọ Ìlàjẹ, kọ́ ilé iṣẹ́ kékeré kan sí etí omi ní Mahintedo. Ìpara làpálàpá ló ń ṣe láti ara ewé àsúnwọ̀n. Kẹ́míkà kan tó ń bọ̀ nínú àgbá búlúù ló fi ń yọ agbára ewé náà. Bó bá ti yọ ọ́ tán, ohun tó ṣẹ́ kù di ìdọ̀tí tó ń rùn bíi bẹntiróòlù.

Ibo ni wọ́n ń dà á sí? Inú omi. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà náà nìyẹn: dúró kí omi máa fà lọ sí òkun, kí o tó da ìdọ̀tí sí i. Omi á gbé e lọ.

2.
Hàmdálàt, ọmọ Ìsẹ́yìn, ló ń yẹ oògùn wò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ òórùn bẹntiróòlù nínú ìpara tuntun. Ó yà á lẹ́nu. Wọ́n ti fi iná lé kẹ́míkà náà kúrò nínú oje ewé. Báwo ló ṣe padà wọlé?

Ó kun èèpo àgbọn mẹ́wàá ní ọ̀dà pupa, ó sì jù wọ́n sómi nígbà tí omi ń fà. Ó jókòó, ó ń wò. Nígbà tí omi tún kún lọ́sàn-án, méje ti padà dé. Wọ́n kó ara wọn jọ sẹ́nu páìpù tí ilé iṣẹ́ fi ń fa omi tí wọ́n fi ń po ìpara.

"Ọ̀gá, ìdọ̀tí wa là ń fà padà sínú oògùn! Asẹ́ wa lè mú ẹrẹ̀, kò lè mú kẹ́míkà yìí."

"Kí ni ká wá ṣe?"

"Ẹ jẹ́ ká lo ọtí. Ìyá yín ń se ògógóró nítòsí ibí. Bí a bá tún un sè kó le sí i, á yọ agbára ewé. Lẹ́yìn náà, a ó gba ọtí náà padà, a ó tún un lò. Kò ní sí kẹ́míkà tí a ó máa dà sómi mọ́."

Ọlọ́rundáre bú sẹ́rìn-ín. "Ògógóró? Kí àwọn ẹgbẹ́ mi l'Ákùúrẹ́ máa pè mí ní apoògùn ọlọ́tí?"

Moríkẹ́, ìyá rẹ̀, wà lẹ́nu ọ̀nà. "Dáre, ṣé ọtí tó rán ẹ lọ sí yunifásítì lo wá ń tijú rẹ̀ yìí?"

"Ẹ má bínú, Màámi. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ìdí ààrò."

3.
Ilé ìwòsàn mọ́kànlá ló ń retí ìpara náà. Hàmdálàt bẹ Ọlọ́rundáre pé kó dá iṣẹ́ dúró. "Òórùn lásán ni," ni ọ̀gá wí. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó bu lọ́fínńdà sí i! Hàmdálàt kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé tó ń jẹ́rìí pé ìpara náà dára. Ọlọ́rundáre fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀.

4.
Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ara àwọn ọmọdé tó fi ìpara náà para bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Princess, abiyamọ kan, wọ ọkọ̀ ojú omi láti Oríòkè-Ìwàmímọ́, ó gbé ọmọ rẹ̀ síwájú Ọlọ́rundáre.

"Ẹ wò ó! Làpálàpá la ní kí ẹ wò. Egbò lẹ fún wa!"

Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa. Ọlọ́rundáre kúnlẹ̀ síwájú Princess. "Ẹ jọ̀ọ́, láti ọ̀la ni màá yí ọ̀nà tí mò ń gbà ṣe é padà."

Princess fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ yí i padà o. Ṣùgbọ́n ta ló máa tún jẹ́ kí ìpara yín kan ọmọ òun?"

Ilé iṣẹ́ náà ò tíì ṣí títí di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe oògùn, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọṣẹ tàbí aró, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó dáná, ẹ bi ara yín pé, ibo ni ìdọ̀tí yìí ń lọ? Ọ̀nà tí kì í mú ìdọ̀tí wá ló dára jù. Ẹ má sì fi ìgbéraga kọ̀ ọ́ torí pé ilé yín ló ti wá. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.