Ìpè Nínú Ilé Tẹlifóònù Àtijọ́

Ọdún mẹ́ta lèmi àti Ẹ̀gbọ́n Oyèwùmí fi jà kí wọ́n má bàa wó ilé tẹlifóònù àtijọ́, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń so ìpè pọ̀ títí ó fi kú. Nírọ̀lẹ́ àná, mo tọpa wáyà fóònù kan níbẹ̀, mo rí i pé wọ́n ti gé e. Bí mo ṣe dìde, fóònù náà dún. Mo gbé e.

"Ẹ dúró, mo ń so yín pọ̀," obìnrin kan wí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n: "Mo ti buwọ́ lù ú. Ẹ wó o lọ́la. Gbádébọ̀ ò ní mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Gbádébọ̀, ìwọ yìí! O tún ń bá òkú irin sọ̀rọ̀?"

Mo na fóònù sí i. Ó gbé e sétí, ẹ̀rín kú lójú rẹ̀.

"Màámi," ó wí, "ṣé ẹ ti sọ fún un?"