Ibi Tí Bàbá Télọ̀ Ń Jókòó sí ní Rélùwéè

"Ẹ rọra, Bàbá, ọ̀dà ara ẹ̀ ò tíì gbẹ!"

Ọ̀gá tó tún kóòṣì rélùwéè àtijọ́ náà ṣe ló pariwo bẹ́ẹ̀ ní Agége. Níwájú àwọn oníròyìn, ó nawọ́ sí àwọn ìjókòó onítìmùtìmù pupa.

"Bí aráàlú ṣe gbádùn ẹ̀ nígbà yẹn gan-an la ṣe dá a padà!"

Bàbá télọ̀ kan láti Àgídìngbì, tó máa ń wọ̀ ọ́ lọ síṣẹ́ ní Ìddó nígbà ọ̀dọ́ ẹ̀, ni wọ́n pè wá jẹ́rìí.

"Bàbá, ṣé ẹ ṣì rántí ibi tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí?"

"Ṣé ìyẹn náà ṣeé gbàgbé ni?"

"Ó yá, ẹ lọ jókòó síbẹ̀, kí wọ́n yà yín."

Bàbá bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó fẹsẹ̀ tẹ ọ̀dà tútù ojú wíńdò, ó sì gun orí òrùlé lọ.