Orógùn Ìyá Àgbà

"Ẹ má bínú, mà. Ọwọ́ yín kò jọ ọwọ́ ẹni tó ni orógùn yìí, tí ojú rẹ̀ ṣì wà lára igi," ni ohùn ẹ̀rọ ọjà inú fóònù wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ló kù kí ẹ fi ro fùfú yẹn. Bí kò bá tún jọ ọ́, ẹrù olè la ó kà á sí."

Fadérera yọ orógùn náà kúrò nínú ìkòkò. Orógùn ìyá ìyá rẹ̀ ló ń tà lórí fóònù. Dúróònù tí yóò gbé e fò lọ fún oníbàárà ti ń kùn lẹ́nu fèrèsé, kò sì sí ẹni tí yóò jẹ́rìí òun. Àwọn tó mọ Ìyá Àgbà ti kú tán.

Ó yí igi náà wò. Ojú àtàǹpàkò ti jin sí i lára, ọwọ́ òsì ló sì bá mu. Alòsì ni Ìyá Àgbà. Alòsì lòun náà, kí màmá rẹ̀ tó fi pàṣán gba òsì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó fi òsì mú un, ó ro fùfú inú ìkòkò. Igi náà yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ọmọ rẹ̀ ni yín lóòótọ́, mà. Ẹ gbé e síta."

Fèrèsé ṣí fúnra rẹ̀. Fadérera fi ọwọ́ ọ̀tún ń tú ìka òsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lára orógùn, ọ̀kankan kò gbà.