Ramen Ìyàwó Ọ̀la

Alásè kan ń da omi ọbẹ̀ sórí núdù ramen nígbà tí yìnyín lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wọlé.

"Ọ̀gá, ẹ fi ẹyin kún ti Chinatsu o. Ọ̀la ni ìgbéyàwó wa!"

Alásè tẹjú mọ́ ọmọbìnrin náà. "Ẹ kú oríire. Àwọn òbí ìyàwó ńkọ́?"

"Màmá mi wà," ni Chinatsu yára dáhùn. Ó wojú alásè tààrà. "Bàbá mi ti kú. Ọtí ló pa á."

Alásè rọra gbé abọ́ síwájú rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí kò fẹnu kan ọtí mọ́, tó ń wá ọmọ bíbí inú rẹ̀ yìí káàkiri ìlú Asahikawa ní Japan.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè," ló wí.

Omi lé ròrò sójú Chinatsu.

"Ẹ ṣé, sà."