Ogún Ọdún Tí Wọ́n Fi Kún Un

Baba Simioni ń hun ẹní létí adágún ní Mangochi. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni. Nígbà èwe, ó lọ sí Joni, ìlú òkèèrè níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, ilé ìdáná ló sì ti ṣiṣẹ́. Látìgbà tó ti ti Joni dé, kò padà sílé ìbí rẹ̀ rí.

Orin kan wà tí ìjọ fẹ́ràn. Yeremiya Nsamala, ọ̀rẹ́ Simioni, ló kọ ọ́. Kí àwọn méjèèjì tó lọ sí Joni, Yeremiya ta orin náà fún ilé iṣẹ́ orin kan ní Blantyre, ó fi gba bàtà àti kúbùsù. Lọ́dún 1966, wọ́n ní ihò wúrà wó pa á. Ilé iṣẹ́ yẹn kò sì jẹ́ kí ìjọ kankan kọ ọ́ lórí rédíò, àfi tí àádọ́ta ọdún bá pé lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Lọ́dún 2016, Enelesi, olórí akọrin ìjọ, ń sá ẹja usipa lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba.

"Baba, ó ku oṣù mẹ́ta. Tọ́dún tuntun bá dé, ẹ ó gbọ́ wa ní rédíò."

"Ìlà kejì yẹn, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà. Ẹ̀ ń gùn ún jù."

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í kọrin! Ẹ hun ẹní yín, ẹ jọ̀ọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, akọ̀wé ilé iṣẹ́ náà dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

"Òfin tuntun ti jáde, màmá. Kì í ṣe àádọ́ta ọdún mọ́. Àádọ́rin ni."

Enelesi jókòó lójijì. "Ogún ọdún! Òkú wo ló bẹ̀ yín?"

"Èmi kọ́ ni mo ṣòfin, màmá."

Baba gbójú sókè. "Ṣé látìgbà ikú rẹ̀ náà lẹ ṣì ń kà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, baba. Ẹ dúpẹ́ pé ó tètè kú." Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ká ní ó ṣì wà láyé, a ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kà rárá."

Enelesi yíjú sí baba. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ bá wa sọ̀rọ̀."

"Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ sọ."

"Ọmọ kékeré yìí lẹ̀ ń bẹ̀rù? Ojo ni yín, baba."

Nígbà tí akọ̀wé lọ, baba ní, "Màá pé ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún nígbà yẹn," ó sì ń hun ẹní rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé Joni, wọ́n fi Yeremiya sínú ihò, wọ́n fi Simioni sílé ìdáná. Ẹ̀rù ihò ba Yeremiya, owó ihò wu Simioni, ni àwọn méjèèjì bá pààrọ̀ ìwé, Simioni sì kú sábẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Yeremiya lápò, orúkọ tí baba tó ń hun ẹní yìí, ẹni tó ni ín, kò lè gbà padà, àfi tó bá fẹ́ kí wọ́n dúró dìgbà ikú òun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àádọ́rin ọdún orin rẹ̀ láti oókan.